Ìwé CAC kọ́ ni ìwé àṣẹ: àyẹ̀wò àwọn ìkànnì tí akọ̀ròyìn fi ń tọpinpin ilé-iṣẹ́ áàpù

Ẹni tó bá fẹ́ máa ṣe ìròyìn ìwádìí lórí àwọn ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tuntun, àwọn tí gbogbo èèyàn ń pè ní startup, kò ní láti kó lọ sí Yaba l'Ékòó. Yaba ni àwọn olùdásílẹ̀ ti ń ṣe ìpàdé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ya fọ́tò pẹ̀lú àwọn olùdókòwò. Ṣùgbọ́n Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìdí gaàrí ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti Sábó ní Ṣàgámù wà lára ibi tí owó tó ń wọnú áàpù ti ń jáde. Ìwé tó máa fi ẹni tó ni áàpù náà hàn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni. A yẹ àwọn ìkànnì náà wò síbí: èyí tó ń ṣiṣẹ́, èyí tó ń ṣe ségesège, àti ohun tí ìdáhùn kálukú wọn kò lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀.

CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, la ó fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ni tọmọdé tàgbà mọ̀, òun náà sì ni wọ́n ń ṣì lò jù. Ọ̀fẹ́ ni ìwádìí orúkọ níbẹ̀. Ẹ tẹ orúkọ tàbí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ sí i, á gbé orúkọ gan-an jáde, nọ́ńbà, ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀, àdírẹ́sì àti ipò tí ilé-iṣẹ́ náà wà. Tí nọ́ńbà bá wà lọ́wọ́ yín, nọ́ńbà ni kí ẹ lò. Tó bá jẹ́ orúkọ nìkan lẹ ní, ẹ yọ “Limited”, “Nigeria”, “Global” àti “Ventures” kúrò, kí ẹ tẹ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó ṣàjèjì jù nínú orúkọ náà, kí ẹ sì ka gbogbo ohun tó bá jáde títí dé ìsàlẹ̀. Orúkọ jọ orúkọ. Ẹni tó bá mú èyí àkọ́kọ́ tó rí lè lọ kọ ìròyìn burúkú nípa ilé-iṣẹ́ aláìṣẹ̀ kan tó ń ta símẹ́ǹtì ní Ìkòròdú.

Orúkọ tí áàpù ń jẹ́ lójú ọjà kì í sábà jẹ́ orúkọ tó wà nínú ìwé. Ọ̀nà méjì ló yá jù láti rí orúkọ inú ìwé. Ọ̀kan ni ojú-ìwé “Terms and Conditions” tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Ẹ wá orúkọ tó bá parí sí Limited níbẹ̀. Èkejì ni rìsíìtì. Ẹ bẹ ìyá aláṣọ tó ń fi owó sínú áàpù náà pé kó fi ìwé tránsfà rẹ̀ hàn yín: orúkọ áàpù lè wà lókè, kí orúkọ àkáǹtì tó gba owó wà nísàlẹ̀, kí méjèèjì má sì bára mu. Orúkọ ìsàlẹ̀ yẹn ni kí ẹ gbé lọ sí CAC. Tó bá jẹ́ orúkọ èèyàn ni, tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ yín ti dé nìyẹn.

Ẹ wo lẹ́tà tó ṣáájú nọ́ńbà. RC ni ilé-iṣẹ́. BN ni orúkọ òwò lásán: òwò àti olówò ò yàtọ̀ síra lójú òfin, gbèsè òwò náà gbèsè olówò ni. IT ni ti ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ẹgbẹ́ àti àjọ aláàánú. Áàpù tó bá ń kó owó ìdókòwò aráàlú jọ lórí BN tàbí IT ní àlàyé láti ṣe. RC náà kò sì sọ pé ẹnikẹ́ni lówó: lábẹ́ CAMA 2020, òfin tó de àwọn ilé-iṣẹ́, ₦100,000 ni owó ìpín tó kéré jù fún ilé-iṣẹ́ aládàáni. Owó aṣọ ẹbí fún Ojúde Ọba ju ìyẹn lọ nínú ẹgbẹ́ regberegbe mìíràn.

Ọ̀rọ̀ tó ń kó àwọn ọmọ tuntun sí wàhálà jù ni “INACTIVE”. Kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti ti ilé-iṣẹ́ náà pa, kò sì túmọ̀ sí jìbìtì. Ohun tó sábà ń fà á ni pé wọn ò tíì fi ìwé ọdọọdún ránṣẹ́ sí CAC, àwọn olódodo tó jẹ irú gbèsè bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ káàkiri. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí: “àkọsílẹ̀ CAC fi hàn ní ọjọ́ báyìí pé ipò rẹ̀ jẹ́ INACTIVE,” kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ìdí. Akọ̀ròyìn tó bá kọ ọ́ pé “CAC ti fagi lé e” ti fún lọ́yà wọn níṣẹ́ ṣe.

Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ wúlò gan-an. Ẹni tó ní àwọn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti 2014, tí RC rẹ̀ wá jẹ́ ti 2024, gbọ́dọ̀ ṣàlàyé. Àmọ́ ó lè jẹ́ pé BN ló ti ń lò tẹ́lẹ̀ kó tó di RC, nítorí náà ẹ wá orúkọ náà lábẹ́ BN kí ẹ tó pariwo. Ní ti àdírẹ́sì, ẹ gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀. Ẹ ya pátákó tó wà níta, ẹ bi onílé ìgbà tí wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù. Tí ẹ bá rí i pé ilé-iṣẹ́ mẹ́wàá ló ń lo àdírẹ́sì kan, ẹ fara balẹ̀: ọ́fíìsì lọ́yà tàbí oníṣirò owó tó bá wọn ṣe ìforúkọsílẹ̀ ló lè jẹ́.

Àlébù ìkànnì yìí ni pé ó máa ń lọ́ra, ó máa ń kú láàárín ọjọ́, àdírẹ́sì rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì ti yí padà rí, tó fi jẹ́ pé líǹkì inú ìròyìn àtijọ́ lè má ṣí mọ́. Ìdí nìyẹn tí líǹkì nìkan kò fi tó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ẹ tọ́jú ojú-ìwé náà sí PDF, kí ọjọ́, aago àti àdírẹ́sì ìkànnì hàn lórí rẹ̀. Ìwádìí ọ̀fẹ́ yìí kò sì máa sọ ẹni tó ní ìpín fún yín. Ìwé tó sọ ìyẹn ní kíkún, owó lẹ ó san sí CAC kó tó jáde.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ́kọ́ lọ sí àkọsílẹ̀ PSC, ìyẹn ti àwọn tó lágbára gidi lórí ilé-iṣẹ́, èyí tí CAC ṣí fún gbogbo ayé ní 2023. Nínú gbogbo ohun tí ìjọba Nàìjíríà ti ṣe fún akọ̀ròyìn láìmọ̀, a ò rí èyí tó jù ú. Òfin ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ìpín tàbí ìbò, tàbí tó lágbára láti yan ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn dárẹ́kítọ̀, fi orúkọ ara rẹ̀ hàn. Ìdá 25 ni ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà lórí ìwé, tiwa le ju tiwọn lọ. Nínú ìṣe ńkọ́? Àwọn ilé-iṣẹ́ àtijọ́ kan kò tíì kọ nǹkan kan síbẹ̀, àwọn mìíràn sì kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ síbi tó yẹ kí orúkọ èèyàn wà. Orúkọ tí ẹ bá rí, orúkọ tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni. Ó lè jẹ́ ti àbúrò tàbí dírẹ́bà ọ̀gá. Ẹ fi wé orúkọ tó wà lórí rìsíìtì, èyí tó wà nínú ìwé ilé ẹjọ́, àti èyí tí wọ́n ń pè ní olùdásílẹ̀ lórí LinkedIn. Ibi tí wọn ò ti bára mu ni iṣẹ́ wà.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àṣẹ. CAC ń dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ni, kì í fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti gba owó ìfipamọ́ tàbí owó ìdókòwò lọ́wọ́ aráàlú. CBN, báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ló ni ti ìfipamọ́; SEC, àjọ tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò, ló ni ti ìdókòwò; FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ló ń forúkọ àwọn áàpù tó ń yáni lówó sílẹ̀. Ọ̀ràn CBEX ló fi èyí hàn kedere. Áàpù yẹn ń ṣèlérí pé owó á di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ó wó lulẹ̀ ní oṣù kẹrin 2025, àwọn èèyàn sì lọ kó ẹrù inú ọ́fíìsì rẹ̀ ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn. Ilé-iṣẹ́ kan tó wà nídìí rẹ̀ ní ìwé CAC lọ́wọ́, ó sì ní ìwé SCUML tí ẹ̀ka EFCC ń fúnni. Ìwé méjèèjì kì í ṣe ayédèrú. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó sọ pé kó máa gba owó ìdókòwò. SEC nìkan ló lè sọ ìyẹn, SEC kò sì sọ ọ́.

Àwọn àtòkọ CBN ṣeé gbára lé, àmọ́ PDF ni ọ̀pọ̀ wọn, àwọn àtijọ́ sì ń rìn kiri lórí WhatsApp. Ní 2023 nìkan, CBN gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báǹkì microfinance 132 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí náà àtòkọ tó ṣáájú ìgbà yẹn kò ṣe é lò mọ́. Ẹ gba tuntun láti orí ìkànnì CBN fúnra rẹ̀, kí ẹ sì wo ipele tí báǹkì náà wà. Èyí tó ní àṣẹ ìpínlẹ̀ kan kò dọ́gba pẹ̀lú èyí tó ní àṣẹ gbogbo orílẹ̀-èdè; owó ìdásílẹ̀ ti ìpínlẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù kan náírà, ti gbogbo orílẹ̀-èdè jẹ́ bílíọ̀nù márùn-ún. Tí áàpù bá ní “báǹkì báyìí ló ń bá wa tọ́jú owó,” ẹ má dúró síbi pé báǹkì náà wà lórí àtòkọ. Ẹ kọ̀wé sí báǹkì náà, kí ẹ bi í bóyá ó mọ áàpù ọ̀hún rí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní òun bá ọba jẹun ni ọba mọ̀. Àmì NDIC, àjọ tó ń dáàbò bo owó àwọn oníbàárà báǹkì, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìpolówó, báǹkì ló wà fún, kì í ṣe áàpù. Láti 2024, mílíọ̀nù méjì náírà ni ìdáàbòbò tó pọ̀ jù fún oníbàárà kan ní báǹkì microfinance.

Ohun kan wà tó jẹ́ ti àdúgbò wa gan-an. Níbi tí àjọ àti èsúsú ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ bíi tiwa, áàpù kì í fi dandan pe ara rẹ̀ ní báǹkì tàbí ilé ìdókòwò. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló máa pe ara rẹ̀. Ẹ má wá a ní CAC kí ẹ wá kọ ọ́ pé “kò forúkọ sílẹ̀”: ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń forúkọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, ní Ògùn sì rèé, iléeṣẹ́ ìjọba tó wà fún ìdàgbàsókè ìlú àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbéèrè tó ń tú wọn fó ni èyí: àwọn tó ń san owó yìí, ṣé ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n? Ṣé wọ́n ń bá wọn ṣe ìpàdé ọdọọdún? Ṣé wọ́n ti dìbò yan alága rí? Tí èsì gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ rárá, tó sì jẹ́ orí Facebook ni wọ́n ti ń wá “ọmọ ẹgbẹ́” káàkiri Nàìjíríà, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yẹn kàn wà lórúkọ ni.

Àwọn tó ti gba owó òkè òkun sábà máa ń fi ilé-iṣẹ́ ìyá sí Delaware ní Amẹ́ríkà, èyí tó wà ní Nàìjíríà á wá jẹ́ ọmọ rẹ̀. Ìkànnì Delaware ò fi bẹ́ẹ̀ wúlò: lọ́fẹ̀ẹ́, orúkọ, nọ́ńbà, ọjọ́ ìdásílẹ̀ àti orúkọ aṣojú lẹ máa rí, kò sí orúkọ dárẹ́kítọ̀. Dọ́là mẹ́wàá ni wọ́n ń gbà kí wọ́n tó sọ ipò ilé-iṣẹ́ fún yín, ogún fún àlàyé díẹ̀ sí i. Ẹ fi dọ́là yín sápò. EDGAR, ìkànnì SEC Amẹ́ríkà, ń fúnni ní èyí tó dára jù lọ́fẹ̀ẹ́. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní Form D ni kí ẹ wá níbẹ̀: ilé-iṣẹ́ tó bá ta ìpín fún àwọn olùdókòwò níkọ̀kọ̀ lábẹ́ ìlànà tí fọ́ọ̀mù yìí wà fún gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 15 sí ìgbà tó kọ́kọ́ tà. Orúkọ àwọn ọ̀gá àti dárẹ́kítọ̀ wà níbẹ̀, iye tí wọ́n ń wá wà níbẹ̀, iye tí wọ́n ti rí náà wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá polongo mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là, tí Form D wá sọ mílíọ̀nù kan àti díẹ̀, ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́. Owó tó ti ọwọ́ àwọn tí kì í ṣe ará Amẹ́ríkà wá lè má sí nínú rẹ̀, owó náà sì lè máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹ bi wọ́n.

Companies House, tó dà bíi CAC ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ni ọba gbogbo wọn. Ìwé gbogbo, títí kan ìṣirò owó ọdọọdún, ọ̀fẹ́ ni. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní “London” lòun fìdí kalẹ̀ sí, ẹ wo ìṣirò rẹ̀: tó bá kọ “dormant”, ilé-iṣẹ́ tí kò ṣe òwò kankan lọ́dún náà nìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí ìwé London dẹ́rù bà yín. Títí di 2024, £12 péré lèèyàn fi ń dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, oṣù kọkànlá 2025 ni wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ di dandan kí wọ́n máa yẹ ìdánimọ̀ àwọn dárẹ́kítọ̀ wò.

Tingo ni àpẹẹrẹ tó yẹ kí gbogbo akọ̀ròyìn tó wà láàárín àgbẹ̀ mọ̀. Ilé-iṣẹ́ yìí ní àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà tó ń lo fóònù àti áàpù òun lé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án, ó sì dé orí pákó Nasdaq, ọjà ìpín ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹfà 2023, Hindenburg Research gbé ìwádìí jáde. Ẹ rántí pé àwọn yẹn máa ń jèrè tí ìpín ilé-iṣẹ́ bá já wálẹ̀, nítorí náà ìwé tí wọ́n tọ́ka sí ni kí ẹ kà, kì í ṣe ariwo wọn. Wọ́n fi hàn pé àwòrán ilé ìṣọ̀gbìndoúnjẹ tí Tingo ní òun ń kọ́, àwòrán ilé ìfọpo ni, tí wọ́n mú láti ìkànnì tó ń ta àwòrán. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, SEC Amẹ́ríkà gbé wọn lọ sílé ẹjọ́: ìwé ọdún 2022 ní $461.7 mílíọ̀nù wà ní báǹkì wọn ní Nàìjíríà, SEC sì ní ohun tó wà níbẹ̀ gan-an kò tó $50. Ti àwòrán yẹn, ẹ lè ṣe é lórí fóònù láàárín ìṣẹ́jú kan: ẹ tẹ àwòrán náà mọ́lẹ̀, kí ẹ fi Google Lens wá a. Ti àgbẹ̀, a sún mọ́ ọn ju New York lọ. Ẹni tó bá ní òun ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ní agbègbè Ìjẹ̀bú, ẹ ní kó dárúkọ abúlé mẹ́ta, kí ẹ sì lọ.

Play Store náà ń sọ̀rọ̀. Ẹ ṣí “About this app”, ẹ lọ sísàlẹ̀: ọjọ́ tí áàpù jáde wà níbẹ̀, iye ìgbà tí wọ́n ti gbà á náà wà níbẹ̀, àmọ́ ní ìdá-ìdá ni (10,000+, 50,000+, 100,000+). Gbígbà kì í ṣe lílò. Bí wọ́n bá ń pariwo mílíọ̀nù kan oníbàárà tí Play Store ń sọ 10,000+, ẹ bèèrè ibi tí ìyókù ti ń wọlé, torí ó lè jẹ́ USSD tàbí àwọn ejẹ́ǹtì POS. WHOIS sọ ọjọ́ tí wọ́n ra orúkọ ìkànnì. Orúkọ ẹni tó rà á sábà máa ń pamọ́. Meta Ad Library ń fi ìpolówó tó ń lọ lọ́wọ́ lórí Facebook àti Instagram hàn. Nílẹ̀ wa, tí wọ́n bá ti dá ìpolówó tí kì í ṣe ti òṣèlú dúró, ó lọ nìyẹn, nítorí náà ẹ tètè yà á.

Wayback Machine, ìkànnì tó ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́ àwọn ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, la fi ṣe ìkejì PSC. Ìlérí “ìdá 25 lóṣù” tí wọ́n ti yọ kúrò lóríi ìkànnì lè ṣì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́tò ọ̀gá tí wọ́n ti lé. Èyí tó jù ni “Save Page Now”: ẹ fi gbogbo ojú-ìwé ilé-iṣẹ́ náà pamọ́ síbẹ̀ fúnra yín kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, torí ìpè àkọ́kọ́ ló ń mú kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nu nǹkan. Kì í mú Instagram dáadáa, kò sì lè wọ inú áàpù. Fún àwọn yẹn, ẹ ya ojú fóònù, kí ẹ sì gba fídíò bí ẹ ṣe ń yí i lọ sókè sódò.

Tí owó ìjọba, ilẹ̀ ìjọba tàbí àdéhùn ìjọba bá wọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ lo òfin FOI ti 2011, èyí tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba. Ẹ ò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn, wọ́n lè fi méje kún un. Tí wọ́n bá kọ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ ní láti lọ sílé ẹjọ́. Ní 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé òfin náà de ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀, nítorí náà àwáwí “ti Abuja nìyẹn” ti parí. Ohun tó máa ń ba ìwé yìí jẹ́ ni pé èèyàn á béèrè èrò dípò ìwé. Ẹ kọ “ẹ̀dà àdéhùn láàárín iléeṣẹ́ yín àti ilé-iṣẹ́ báyìí, ti ọdún báyìí,” ọ̀rọ̀ kan nínú lẹ́tà kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ní Òkè-Mosàn, Abẹ́òkúta, fúnra yín láàárọ̀, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí ẹ̀dà tiyín. Láìsí òǹtẹ̀, kò sí ọjọ́ tí èèyàn máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ilé ẹjọ́ gíga ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣàgámù: ẹ wá orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ní rẹ́jísírì, ẹ san owó ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí, ẹ gba rìsíìtì. Ohun tí olùpẹ̀jọ́ kọ, ẹ̀sùn ni, kì í ṣe ìdájọ́.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ náà ní nọ́ńbà 1, 2, 3, kí ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan tí ẹ máa tẹ̀ jáde wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ èsì. Ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún bójú mu. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì wọn, kí ẹ sì gbé èyí tí ẹ tẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì. Abala 24 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, ni wọ́n ti fi mú akọ̀ròyìn rí, nítorí náà ẹ tọ́jú gbogbo ìwé síbi méjì, kí ọ̀kan má sí nínú fóònù tí ọlọ́pàá lè gbà. Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan: ní Jámánì, BaFin, àjọ tó ń mójú tó ètò ìnáwó níbẹ̀, fi ẹjọ́ àwọn akọ̀ròyìn Financial Times tó ń wádìí Wirecard, ilé-iṣẹ́ tó ń báni san owó, sùn ní 2019, kó tó di pé €1.9 bílíọ̀nù di àwátì níbẹ̀ ní 2020. 

Èsì sábà máa ń dé ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìgbà tí ìròyìn máa jáde, láti ọwọ́ lọ́yà, ojú-ìwé mẹ́fà. Ẹ pe olóòtú, ẹ dá ìròyìn náà dúró, kí ẹ kà á tán. Èyí tó bá dáhùn ìbéèrè, ẹ fi sínú ìròyìn. Èyí tó bá tako ìwé ọwọ́ yín, ẹ tún ìwé náà wò ní òru yẹn kan náà.